Ṣé ìbọn ló ń jẹ́ kí ẹran ìgbẹ́ pọ̀?

Ọdẹ kan kọ̀wé sí mi láti abúlé kan lẹ́yìn Ìkòyí-Ilé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríire. Ó ní:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Àgbẹ̀ ni mí, mo sì ń ṣọdẹ. Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ pa ẹran kan tó jọ àgbọ̀nrín, ìwé àṣẹ wà lọ́wọ́ wọn. Ó ní ìjọba ibẹ̀ fẹ́ kí wọ́n máa pa á, pé ọdẹ gan-an ló ń jẹ́ kí ẹran náà pọ̀. Níbí, mo lè ṣọ́ igbó fún òru mẹ́ta kí n má rí ju ọ̀yà kan lọ. Páàkì wà nítòsí wa, ẹran wà níbẹ̀, wọn ò jẹ́ ká wọ̀ ọ́. Ṣé kò ní dára kí ìjọba ṣí i fún wa pẹ̀lú ìwé àṣẹ bíi ti Amẹ́ríkà, kí ẹran lè pọ̀ sí i?"

Àrìnpa o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìwé yín, nítorí ọmọ ọdẹ ni èmi náà. Mo mọ bó ṣe máa ń rí nínú ilé nígbà tí bàbá ẹni bá jókòó sórí ègùn láti ìrọ̀lẹ́ títí di ìdájí, tó sì darí wálé lọ́wọ́ òfo. Àbúrò yín kò parọ́ fún yín. Àmọ́ ìparí iṣẹ́ ló bá níbẹ̀, kò bá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kí ìwé àṣẹ yẹn tó níyì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n ti ọjà ẹran ìgbẹ́ pa. Àwa ò tíì ṣe ìyẹn. Nítorí náà, lórí ọ̀rọ̀ páàkì, rárá ni èsì mi: kí wọ́n má ṣí i. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀yin ọdẹ nìkan lẹ lè ṣe é, òun ni mo fẹ́ bá yín sọ jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ẹran méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹran inú fídíò yẹn kì í ṣe àgbọ̀nrín, díà ni. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá fi àgbọ̀nrín dúró fún un nínú Orin Dáfídì 42, wọn ò sì jẹ̀bi, torí kò sí díà nílẹ̀ wa tí wọn ì bá tọ́ka sí. Ní gbogbo Áfíríkà, òkè àríwá pátápátá, ní Àlgéríà àti Tùnísíà, nìkan ni irú díà kan ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àgbọ̀nrín tiwa sún mọ́ màlúù àti ewúrẹ́ ju díà lọ. Ìwo ni ẹ ó fi mọ̀ ọ́n. Ìwo díà máa ń ya ẹ̀ka bí igi, ọdọọdún ló sì ń já bọ́ kí òmíràn tó hù. Ìwo àgbọ̀nrín kì í ya ẹ̀ka, kì í sì í já: bó bá ti hù, ó di títí ọjọ́ ikú. Akọ nìkan ló sì ń hùwo nínú àgbọ̀nrín. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó tún padà bá a.

Bí wọ́n ṣe ń bí sí i náà yàtọ̀. Abo díà abìrùfunfun, èyí tó pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà, sábà máa ń bí ìbejì bó bá rí oúnjẹ jẹ kánú. Àgbọ̀nrín á gbé oyún fún bí oṣù mẹ́fà, ọmọ kan ṣoṣo ni yóò bí. Kì í rìn lágbo, kì í sì í jìnnà sí ibi igbó dídí tó wà létí omi. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: bẹ́rù bá bà á, á gbó bí ajá, á sì wọgbó lọ, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ẹ ó tún bá a lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti pa á tán létí odò kan. Bí ẹ bá sì ti pa á tán níbẹ̀, àyàfi kí ọmọ àgbọ̀nrín kan láti ibòmíràn wá ibùgbé wá síbẹ̀, bí ibòmíràn náà bá ṣì ní.

Ní báyìí, ẹ gbọ́ bí ti Amẹ́ríkà ṣe jẹ́. Nígbà tó fi máa di ọdún 1900, díà abìrùfunfun tó kù ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà kò ju nǹkan bí 500,000 lọ. Ẹran tí wọ́n ti máa ń rí lẹ́yìn oko tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí ọmọdé ń gbọ́ nínú ìtàn. Kì í ṣe bàbá tó ń wá ọbẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ ló dá a sílẹ̀ jù. Àwọn tó ń pa á tà ni. Wọ́n ń ta awọ rẹ̀, wọ́n ń di ẹran rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú irin lọ sí àwọn ìlú ńlá. Bí ẹ bá dúró létí títì Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹ rí ẹran yíyan lórí igbá àti èyí tí wọ́n gbé sókè fún onímọ́tò, ẹ ti rí ohun tí mò ń wí.

Ní 1900 yẹn ni wọ́n ṣe òfin kan tí wọ́n ń pè ní Lacey Act, tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti kó ẹran tí wọ́n pa lòdì sí òfin ìpínlẹ̀ kan lọ tà ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Àwọn ìpínlẹ̀ fúnra wọn fi òfin de títa ẹran ìgbẹ́, wọ́n yan oṣù tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yìnbọn, àwọn mìíràn sì ti igbó pa pátápátá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n mú díà láàyè láti ibi tó ṣẹ́ kù sí, wọ́n lọ tú u sílẹ̀ níbi tó ti tán. Ní 1937, wọ́n tún ṣe òfin Pittman-Robertson: owó orí tó wà lórí ìbọn gígùn àti ọta rẹ̀, náírà 11 nínú 100 ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò gbọdọ̀ lọ síbòmíràn ju iṣẹ́ títọ́jú ẹran igbó lọ. Ìyẹn ni pé ọta tí ọdẹ rà ló ń sanwó fún ẹni tó ń ka ẹran. Lónìí, díà náà ti tó nǹkan bí mílíọ̀nù 30. Títí di òní olónìí, àbúrò yín kò lè gbé itan ẹran tó pa lọ sọ́jà. Ẹ bi í léèrè. Ó lè jẹ ẹ́, ó lè fi tọrẹ, kò gbọdọ̀ tà á.

Ìwé àṣẹ tó mú lọ́wọ́ náà, ẹ má rò pé ìwé kí n lọ kí n bọ̀ ni. Ó sọ oṣù tó lè yìnbọn, ó sọ àgbègbè, ó sì máa ń sọ bóyá akọ tàbí abo ni yóò pa. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, bó bá ti pa á, ó gbọ́dọ̀ jábọ̀ fún ìjọba. Láwọn ibòmíràn, wọn á yẹ eyín àgbọ̀n ẹran náà wò kí wọ́n lè mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá rí lọ́dún yìí ni yóò sọ iye ìwé tí wọn ó tẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Bí iye ẹran bá lọ sílẹ̀, ìwé á dín. Ẹ̀gbọ́n, kíkà yẹn ni ọkàn gbogbo iṣẹ́ náà. Ìbọn kàn ń tẹ̀ lé e ni.

Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń bẹ ọdẹ pé kó máa pa á? Torí pé wọ́n ti pa ìkookò tó ń jẹ díà tán ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹran tó pọ̀ jù fún ilẹ̀ rẹ̀ sì máa ń fi ebi kú. Erékùṣù kan wà láàárín òkun Alaska àti Rọ́ṣíà, St. Matthew lorúkọ rẹ̀. Lọ́dún 1944, nígbà ogun Hitler, àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà kó reindeer 29 lọ síbẹ̀, kí ó lè jẹ́ oúnjẹ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ tó wà lórí erékùṣù náà bí oúnjẹ wọn bá tán. Díà ni reindeer náà, irú èyí tó ń gbé inú yìnyín. Ogun parí, àwọn èèyàn bá tiwọn lọ, wọn ò pa ẹran náà. Kò sí ìkookò níbẹ̀, kò sí ọdẹ. Ní 1963, ẹran 29 ti di 6,000. Wọ́n ti jẹ ohun tó ń hù lórí àpáta, tó yẹ kí wọ́n fi la ìgbà òtútù kọjá, tán mọ́ ilẹ̀. Òtútù líle kan dé. Nígbà tí wọ́n padà lọ kà wọ́n ní 1966, 42 ló kù. Gbogbo ìyókù ti di egungun. Irú ikú báyìí ni wọ́n ń sá fún níbi tí àbúrò yín wà, mo sì gbà pẹ̀lú wọn tọkàntọkàn: níbi tí ẹran bá ti pọ̀ ju koríko lọ, àánú ni ìbọn ọdẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé òru mẹ́ta, ọ̀yà kan. Ibi tí èyí ti ń ṣẹlẹ̀ kì í ṣe ibi tí ẹran ti pọ̀ ju koríko lọ.

Ohun kan wà tí gbogbo ọgbọ́n ìwé àṣẹ rọ̀ mọ́. Akọ kan lè gun ọ̀pọ̀ abo. Tí ẹ bá pa akọ márùn-ún nínú mẹ́wàá, àwọn abo á ṣì lóyún lọ́dún tó ń bọ̀. Tí ẹ bá pa abo márùn-ún, oyún márùn-ún ti lọ, àti oyún tí wọn ì bá tún ní. Nítorí náà, níbi tí díà bá ti pọ̀ jù, abo ni wọ́n máa ń tẹ ìwé rẹ̀ jù kí iye lè wálẹ̀. Níbi tó bá ti ṣọ̀wọ́n, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan abo.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, èmi ni mo máa ń di ẹsẹ̀ ẹran mú fún màmá mi bó bá ń kun ún. Lọ́jọ́ kan, bàbá mi gbé àgbọ̀nrín kan bọ̀ láàárọ̀. Nígbà tí màmá mi la inú rẹ̀, ọmọ wà níbẹ̀, ó ti pé: pátákò rẹ̀ ti jáde, àmì funfun ti wà lára rẹ̀. Màmá mi gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Bàbá mi wò ó, ó ní, "Mi ò rí i. Ojú rẹ̀ nìkan ni mo rí." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé lọ sí yunifásítì láti kọ́ nípa ẹran igbó. Òótọ́ ló sọ. Ojú ni tọ́ọ̀ṣì ń fi han ọdẹ lóru, bí iná méjì nínú igbó. Kì í fi ìwo hàn, kì í sì í fi oyún hàn. Àwọn àgbà ọdẹ ti ka pípa aboyún ẹran sí èèwọ̀ kí wọ́n tó bí wa. Tọ́ọ̀ṣì ti mú kí ó ṣòro fún ọdẹ láti pa èèwọ̀ náà mọ́, kódà fún ẹni tó fẹ́ pa á mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ẹni ń ka ebè. Àpẹẹrẹ ni o, kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni kà. Ká ní àgbọ̀nrín 50 ló kù ní gbogbo igbó tó yí abúlé yín ká, tí 25 nínú wọn jẹ́ abo. Ká ní 20 nínú àwọn abo yìí bímọ lọ́dún, ọmọ kọ̀ọ̀kan. Òjòlá, ajá àti iná ìgbẹ́ á pa ìdajì nínú ọmọ náà, ó ku 10. Kí àgbà márùn-ún fúnra wọn kú, nípa àìsàn tàbí ọjọ́ ogbó. Èrè ọdún náà jẹ́ 5. Márùn-ún yẹn ni gbogbo ọdẹ abúlé lè pín láàárín ara wọn tí iye ò fi ní dín. Tí ọdẹ mẹ́wàá bá wà, tí olúkúlùkù pa ẹyọ kan péré, wọ́n ti jẹ gbèsè márùn-ún. Tí àwọn wọ̀nyí bá sì jẹ́ abo, ọdún mélòó ni 50 máa gbà kó tó di 10? Ẹ tún wo ọ̀yà. Ọ̀yà ń bí bíi mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì máa ń gbé oyún fún bí oṣù márùn-ún. Ìdí nìyẹn tí ọ̀yà fi ṣì kù fún yín tí àgbọ̀nrín ò fi kù.

Lórí páàkì, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń dùn yín. Apá kan rẹ̀ ti wà lábẹ́ òfin igbó láti 1936, ti Òkè Ògùn, Ọ̀yọ́-Ilé sì tẹ̀ lé e ní 1941. Ní 1952 wọ́n sọ ọ́ di igbó ẹran, ní 1991 ó di Old Oyo National Park, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà nílùú Ọ̀yọ́. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 2,512 níbùú lóròó. Àwọn bàbá yín ti ń dẹ ibẹ̀ kí òfin tó dé, ọ̀pọ̀ abúlé tó yí i ká ò sì rí nǹkan kan gidi gbà níbẹ̀ bí kò ṣe ìkìlọ̀. Ìyẹn kò dára, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bò ó mọ́lẹ̀. Ní Nàmíbíà, òfin kan ní 1996 fún àwọn abúlé ní ẹ̀tọ́ lórí ẹran ilẹ̀ wọn, kí owó tó bá ti ara rẹ̀ wá lè máa wọ àpò wọn, àwọn fúnra wọn ló sì ń ṣọ́ ọ. Mo fẹ́ kí ẹ bèèrè irú ìyẹn. Bíbèèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ yìnbọn nínú páàkì yàtọ̀ sí i, òfin sì ka ọdẹ ṣíṣe níbẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé yín dé ẹ̀wọ̀n. Àgbẹ̀ ni yín. Bí iṣu bá tán nínú abà, ẹ kì í gbé èbù sínú ìkòkò. Ọmọ àgbọ̀nrín tó bá dàgbà nínú páàkì, tó ń wá ibi tí yóò máa gbé, ló ń rìn jáde wá sí etí odò Oríire. Òun ni ẹran tí ẹ ṣì ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí ẹ lè ṣe wá dà? Ẹ bẹ̀rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ọdẹ yín. Àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ń pìtàn pé ọdẹ ló tẹ ìlú wa dó, pé nígbà tí Ògúnlọlá àti àwọn ọdẹ tó bá nítòsí mọra wọn, wọ́n dá ẹgbẹ́ Alongo sílẹ̀ kí wọ́n lè jọ máa dẹgbó, kí wọ́n sì gba ara wọn lọ́wọ́ ewu. Ẹgbẹ́ ọdẹ ti ń ṣòfin kí ìjọba ìbílẹ̀ tó wà. Ẹ̀ṣọ́ páàkì ò lè wà lẹ́yìn gbogbo igi lóru, ṣùgbọ́n ẹ̀yin mọ ẹni tó lọ, ẹ mọ ọ̀nà tó gbà, ẹ sì mọ ohun tó gbé bọ̀. Owó ìtanràn tí olórí ọdẹ bá bu fún èèyàn níwájú Ògún máa ń wọ̀ ọ́ lára ju ti kóòtù lọ.

Okùn wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ fòpin sí. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ yìí bọpo bọyọ̀. Ìbọn ń dúró de ọwọ́ ọdẹ, wáyà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ń mú akọ, ó ń mú abo, ó ń mú ọmọ, ẹni tó dẹ ẹ́ á gbàgbé ibi tó dẹ ẹ́ sí, ẹran á sì jẹrà sẹ́nu rẹ̀. Ẹ rìn ín kiri, ẹ tú u, ẹ kó o wálé.

Lẹ́yìn náà, ẹ yan oṣù. Ghana tó wà nítòsí wa ti ń ṣe é: láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ títí di ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá, kò sí ọdẹ ẹran kankan níbẹ̀ àfi ọ̀yà, ọ̀yà náà sì gba ìwé àṣẹ. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oṣù méjì péré nígbà òjò, nígbà tí iṣẹ́ oko pọ̀ tí koríko sì ga débi pé ọdẹ fúnra rẹ̀ kò rọrùn. Ẹ pa ọ̀yà láàárín ìgbà náà. Ní ti àgbọ̀nrín, kí òfin yín jẹ́ pé ẹni tí ò bá tíì rí ìwo kò gbọdọ̀ fa ìbọn, èyí tó túmọ̀ sí pé ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa dẹ ẹ́, kì í ṣe tọ́ọ̀ṣì. Akọ rẹ̀ tún máa ń dúdú ju abo lọ, abo máa ń pọ́n. Ẹ má fi ìwo dán ẹtu wò o, torí nínú irú kan, abo náà ń hùwo.

Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá tó ń ta ẹran ìgbẹ́ ló le jù, èmi náà mọ̀, torí ibẹ̀ ni owó ilé ìwé ọmọ ti ń jáde. Ẹ pè wọ́n sí ìpàdé kí ẹ tó ṣòfin. Bí wọ́n bá gbà pé àwọn ò ní ra àgbọ̀nrín láàárín oṣù tí ẹ tì, òfin yín ti dúró. Bí wọn ò bá gbà, ọdẹ tó wá láti ìlú mìíràn pẹ̀lú ọ̀kadà á tà á fún wọn lójú yín. Ọ̀yà tí wọ́n ń sìn nínú àgò lè dí àlàfo náà fún wọn, àwọn kan ti ń sìn ín.

Ìkẹyìn ni ìwé. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan fún ẹgbẹ́, kí ẹni tó mọ̀wé jù máa tọ́jú rẹ̀. Gbogbo ọdẹ tó bá wọgbó ni kó wá sọ òru tó fi ṣọ́ igbó, ibi tó wà, ohun tó rí, ohun tó pa, akọ tàbí abo, aboyún tàbí kì í ṣe aboyún. Ẹni tí ò rí nǹkan kan náà ni kó wá sọ ọ́, torí òru òfo ló ń fi hàn bóyá ẹran ń dín. Ẹ tún yan ọ̀nà kan nínú igbó, bíi kìlómítà méjì, kí ẹnìkan máa rìn ín láàárọ̀ kùtùkùtù lẹ́ẹ̀kan lóṣù láìmú ìbọn, kó ka ojú ẹsẹ̀, ìgbẹ́ ẹran àti ẹran tó bá fojú rí. Lẹ́yìn ọdún méjì, ẹ gbé ìwé náà wá bá mi. Èmi fúnra mi á bá yín gbé e dé ilé iṣẹ́ páàkì ní Ọ̀yọ́ àti ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ igbó n'Íbàdàn. Ẹni tó bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ni ìjọba lè fún ní ìwé àṣẹ láìbẹ̀rù, torí ó mọ iye tó lè mú.

Ẹ ti ní ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé náà. Ẹ kọ ọ́ báyìí kó tó kúrò lórí yín: ọjọ́ tí ẹ lọ, etí odò tí ẹ wà, òru mẹ́ta, ọ̀yà kan.